Òfin Tó Gbè Wá Náà Ló Gbe Ẹnìkejì Wa

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin! Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin wa, ó sì tó gẹ́ẹ́ kí a jókòó tì í. Irú ìwà wo ló yẹ kí Mùsùlùmí máa hù sí ẹni tí kò sin Ọlọ́hun bí tirẹ̀, pàápàá nínú ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú: ilé-ìwé, ibi iṣẹ́, òpópónà, ilé-ẹjọ́, àti ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba ń kéde? Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa sọ pé ìdáhùn rẹ̀ kò le rárá: kí a má ṣe fẹ́ mọ ohunkóhun nípa ẹ̀sìn wọn, kí a sì dí wọn lọ́wọ́ níbikíbi tí agbára wa bá ti ká wọn. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ẹni tí kò mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ gbàgbọ́ kò lè pè é sí ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá sì ń wó odi tó yí ẹ̀tọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ká, odi ilé ara rẹ̀ ló ń wó.

ÌMỌ̀ KÌ Í BA ÌGBÀGBỌ́ JẸ́

Bí ẹnìkan bá ní kíkọ́ nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn yóò ba ìgbàgbọ́ òun jẹ́, kí ó wo àwọn tó ṣáájú wa. Ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà tí àwọn Kùráíṣì fi ń jẹ àwọn Mùsùlùmí pọ̀ jù, Ànábì wa ní kí àwọn kan nínú wọn ṣí lọ sí ilẹ̀ Hábáṣà, lọ́dọ̀ ọba Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n ń pè ní Nàjáṣì. Àwọn Kùráíṣì rán ikọ̀ tẹ̀lé wọn láti kó wọn padà wálé. Ja'far ọmọ Abú Tálíbù ló dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọba. Nínú ohun tó há sórí nínú Àlùkùránì, Sùúrà Máríyámù ló yàn láti ké. Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí ló yàn? Ó mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè nípa Ànábì Ísá, kò fi òtítọ́ pamọ́: ó ní ẹrú Ọlọ́hun àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Mímọ̀ tó mọ ẹ̀sìn wọn kò mú kí ó yí tirẹ̀ padà. Òun ló jẹ́ kí ó rí ọ̀nà tó fi sọ ọ́. Abẹ́ ààbò ọba náà ni àwọn Mùsùlùmí wọ̀nyí sì wà fún ọdún púpọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ wo àwọn onímọ̀ wa. Ọdún 973 ni wọ́n bí al-Bírúní ní ilẹ̀ Khwarazm. Ọ̀gágun ni nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ mọ ẹ̀sìn àwọn Híńdù, kò jókòó sílé máa gbọ́ àhesọ. Ó kọ́ èdè Sanskrit tí wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀sìn wọn, ó jókòó ti àwọn àgbà wọn, ó bi wọ́n léèrè. Ní nǹkan bí ọdún 1030, ó parí ìwé ńlá kan lórí ilẹ̀ Íńdíà, ó sì là á sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé ìwé àríyànjiyàn kọ́ lòun ń kọ, pé bí àwọn Híńdù ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọn lòun yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Mùsùlùmí ni al-Bírúní títí tó fi kú. Ibn Hazm ti ilẹ̀ Àńdálúsì, tó kú ní 1064, ka ìwé àwọn Yẹ̀húdí àti ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì láti ojú ìwé dé ojú ìwé kí ó tó fún wọn lésì. Al-Shahrastání, tó kú ní 1153, kọ odindi ìwé lórí àwọn ẹ̀sìn àti ìjọ ayé, ó sì to ohun tí oníkálùkù wọn gbàgbọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn wọ̀nyí kàwé kí wọ́n tó fèsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí ń fèsì kí ó tó kàwé.

OHUN TÍ A RÒ PÉ A MỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Kìrìsìtẹ́nì gbàgbọ́? Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò gba mẹ́talọ́kan. Àwọn Onísábáàtì kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì ń sinmi. Ọ̀dọ́ kan lè dúró lójú ọjà fún wákàtí méjì, kí ó máa bá Ẹlẹ́rìí Jèhófà jiyàn pé Ọlọ́hun kì í ṣe mẹ́ta nínú ọ̀kan, láìmọ̀ pé ohun tí òun ń wó kò sí nínú ilé ẹni náà. Àkókò ti lọ, ohùn ti há, ìpèpè kò sì dé ibi tó yẹ kí ó dé.

Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ ni Ìṣẹ̀ṣe, tó jẹ́ pé ìdílé Yorùbá wo ni kò ti ibẹ̀ wá? Síbẹ̀, ẹ óò gbọ́ kí oníwàásù sọ lórí ẹ̀rọ pé àwọn oníṣẹ̀ṣe kò mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́. Àwọn náà ń sọ pé Olódùmarè ló dá ayé. Babaláwo ń kọ́ ojú Odù 16 àti àwọn ọmọ Odù tó mú kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256, ó sì ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ohun àjogúnbá pàtàkì ayé. Ibi tí ọ̀nà àwa àti àwọn ti yà kì í ṣe bóyá Ẹlẹ́dàá wà. Ibi tó ti yà ni bóyá ó tọ́ kí ènìyàn darí ìjọsìn, ẹbọ àti ẹ̀bẹ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́yìn Rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Àlùkùránì ṣe bá àwọn ará Mẹ́kà sọ̀rọ̀. Nínú Sùúrà Lùkùmán àti Sùúrà Zumar, Ọlọ́hun sọ pé bí a bá bi wọ́n léèrè ẹni tó dá sánmà àti ilẹ̀, Òun náà ni wọn yóò dárúkọ. Orí ohun tí wọ́n gbà ni Àlùkùránì gbà wọlé sí ohun tí wọn kò gbà. Ẹni tó bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ìpèpè rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbà á gbọ́ nígbà tó bá dé orí òtítọ́?

Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí ó lè pa ènìyàn. Ẹ̀sìn kan wà ní ilẹ̀ Punjab ní Íńdíà àti Pakistan, tí Guru Nanak, ẹni tó gbé ayé láàrin 1469 sí 1539, dá sílẹ̀. Sikh ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọlọ́hun kan ni wọ́n ní àwọn ń sìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọn kì í gé irun, wọn kì í fá irùngbọ̀n, wọ́n sì máa ń wé láwàní. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìkọlù New York àti Washington, ọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ Sikh kan níwájú ilé epo rẹ̀ ní ìlú Mesa ní Arizona. Ó rí láwàní àti irùngbọ̀n, ó rò pé Mùsùlùmí ni. Inú ń bí wa, ó sì tọ́ kó bí wa, bí ayé bá ń wo gbogbo Mùsùlùmí gẹ́gẹ́ bí apànìyàn, tàbí bí ẹnìkan bá ní òkúta Káábà là ń bọ. Ṣé ó wá tọ́ kí àwa náà máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹlòmíràn?

ÌDÁJỌ́ MÉJÌ TÓ YẸ KÍ GBOGBO WA MỌ̀

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí, nítorí òun ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún 1987, ìjọ àwọn olórìṣà kan tó ti Cuba wá háyà ilẹ̀ ní ìlú Hialeah ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà, láti fi ṣe ilé ìjọsìn. Ìjọ Lùkùmí ti Babalú Ayé ni wọ́n ń pe ara wọn. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá: Lùkùmí ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba, Babalú Ayé sì ni Ọbalúayé. Inú àwọn ará ìlú kan kò dùn sí i. Ìgbìmọ̀ ìlú pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n sì ṣe òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ọdẹ, kò kan apẹja, kò sì kan àwọn Yẹ̀húdí tó ń pa ẹran ní ìlànà ẹ̀sìn tiwọn. Ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni wọ́n fi í dọdẹ. Ẹjọ́ náà lọ láti kóòtù kan dé òmíràn, àwọn olórìṣà sì ń pàdánù, títí tó fi dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1993, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi ẹnu kò sí i pé òfin Hialeah kò lè dúró. Adájọ́ Anthony Kennedy ló kọ ìdájọ́ náà. Ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìjọba kò lè yọ ẹ̀sìn kan sọ́tọ̀ kí ó máa fi òfin lé e kiri.

Ẹnìkan yóò ní, "Ọ̀rọ̀ olórìṣà Florida, kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Ní ìlú Newark ní ìpínlẹ̀ New Jersey, iṣẹ́ ọlọ́pàá kò gba irùngbọ̀n láyè. Bí ọlọ́pàá kan bá ní àìsàn awọ ojú tí kò jẹ́ kó lè fárí àgbọ̀n, wọ́n á gbà fún un. Àwọn ọlọ́pàá Mùsùlùmí méjì ní ẹ̀sìn àwọn ló ní kí àwọn dá irùngbọ̀n sí. Wọn kò gbà fún àwọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn Mùsùlùmí náà láre. Ó ní bí ìjọba bá lè yọ̀ǹda fún aláìsàn, kò lè ní òun kò ní yọ̀ǹda fún ẹlẹ́sìn. Adájọ́ Samuel Alito, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ló kọ ìdájọ́ náà. Lára àwọn ìdájọ́ tó gùn lé ni ti ìjọ Lùkùmí ọdún 1993. Ẹ rò ó wò: ẹjọ́ tí àwọn ọlọ́balúayé jà fún ọdún mẹ́fà wà nínú ohun tí adájọ́ Kátólíìkì fi gba irùngbọ̀n Mùsùlùmí sílẹ̀. Ká ní Mùsùlùmí Amẹ́ríkà kan ti gbàdúrà ní 1987 pé kí Hialeah borí, ohun tí ń bẹ nínú àdúrà rẹ̀ ì bá kan àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Newark.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ wálé. Gbogbo wa la yọ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Abuja dá àwọn ọmọbìnrin wa láre lórí wíwọ hijáàbù ní àwọn ilé-ìwé ìjọba ní Èkó. Adájọ́ márùn-ún nínú méje ló wà lẹ́yìn wọn. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 wà lára ohun tí a dì mú, abala tó fún olúkúlùkù ní òmìnira láti gba ẹ̀sìn rẹ̀ gbọ́, kí ó sì máa ṣe é ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Ẹ lọ ka abala náà. Ẹ kò ní rí orúkọ Ìsìláàmù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí orúkọ Kìrìsìtẹ́nì. Gbogbo ènìyàn ló ń bá sọ̀rọ̀. Abala 10 sì ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ ìsinmi ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, tí àwọn kan nínú wa sì ń bínú, mo bi ara mi léèrè pé: kí ni a óò sọ bí ẹlòmíràn bá bínú sí ìsinmi ọdún tuntun Híjírà? Ní ọdún kan náà, àríyànjiyàn gbóná ní Ìlọrin lórí bóyá kí àwọn oníṣẹ̀ṣe ṣe ayẹyẹ wọn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Ìlọrin. Ẹ kíyè sí irú ọ̀rọ̀ tí èyí jẹ́. Ìlú wà ní ilẹ̀ Yorùbá yìí tí Kìrìsìtẹ́nì ti pọ̀ ju Mùsùlùmí lọ fíìfíì. Ọmọbìnrin wa tó fẹ́ wọ hijáàbù lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀, kí la fẹ́ kó dì mú bí a bá ti gbà pé ẹni tó bá pọ̀ jù ló ni ìlú? Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

ṢÉ KÍ Á WÁ FỌWỌ́ SÍ ẸBỌ NI?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tó ń ká àwọn olùfọkànsìn nínú yín lára nìyí. Rárá o. Ẹbọ ṣíṣe sí Ọlọ́hun ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù lọ, a kò sì ní dákẹ́ láti máa kìlọ̀ rẹ̀. Mùsùlùmí kì í bá wọn bọ, kì í jẹ ohun tí wọ́n fi bọ, kì í sì sọ pé ọ̀nà gbogbo ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni èyí, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀: ká mọ ẹ̀sìn ẹnìkan, ká fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, àti ká bá a ṣe é. Ẹ̀kẹta nìkan ni ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa. Sùúrà Báqárà ti là á pé kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn. Sùúrà Án'áámù, àáyà 108, sì kọ̀ fún wa láti máa bú àwọn ohun tí ẹlòmíràn ń ké pè lẹ́yìn Ọlọ́hun, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ bú Ọlọ́hun padà.

Àwọn kan yóò tún ní, Kìrìsìtẹ́nì àti Yẹ̀húdí ni a fún ní ààbò, nítorí wọ́n ní ìwé. Olórìṣà kò sí níbẹ̀. Ẹ ka ìtàn Muhammad ọmọ Qásímù, ọ̀gágun Mùsùlùmí tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Sindh ní nǹkan bí ọdún 712. Al-Baládhurí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé nígbà tí àwọn ará ìlú al-Rúr bá a ṣe àdéhùn, ó gbà pé òun kò ní fọwọ́ kan ilé òrìṣà wọn. Ó ní bákan náà lòun kà á sí pẹ̀lú ilé ìjọsìn àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ti Yẹ̀húdí àti ti àwọn abọná. Bí aṣẹ́gun bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa àwa tí a kò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé àdéhùn ìwé òfin ló so wá pọ̀? Sùúrà Máídà sì fi àṣẹ pípa àdéhùn mọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò tọ́ kí a di òfin mú nígbà tó bá gbè wá, kí a sì jù ú nù nígbà tó bá kan ẹlòmíràn.

IBI TÍ Ẹ̀TỌ́ PIN SÍ

Àmọ́ o, ẹ̀tọ́ ní ààlà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Bí Orò bá sé obìnrin mọ́lé lọ́sàn-án gangan, tí kò lè lọ sọ́jà tàbí gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, èyí kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn mọ́, ó ti wọ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Bí ìsọjí bá dí títì márosẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ kí a sì sọ tiwa: bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí bá ń pariwo wàásù láti aago mẹ́ta òru, tí aláìsàn àdúgbò kò lè sùn, àwa náà ti ré ààlà kọjá. Ìpè ìrun kì í pẹ́. Ohun tí a fi ń tẹ̀ lé e ló ń di ariwo. Ní ọdún 2016, ìjọba Èkó ti nǹkan bí ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a máa fi wọn gbogbo ènìyàn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìpèpè kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà lẹ́nu ẹni tó ń ṣe é, kí ó sì ka ìwé wọn lábẹ́ olùkọ́ tó mọ Ìsìláàmù dáadáa. Ẹni tí kò tí ì mọ tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ mọ̀ ọ́n.

Èkejì, ẹ má ṣe máa fi ohùn àti fídíò tí ẹ kò wádìí ránṣẹ́ lórí fóònù, pàápàá èyí tó bá ń sọ pé ẹlẹ́sìn kan ń gbìmọ̀ ibi. Sùúrà Hújúráátì ti ní kí a máa wádìí ìròyìn kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn níbi.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣọ́ àwọn ilé-ìwé tiwa. Nígbà tí àwọn baba wa dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọmọ Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kàwé, ó lè jẹ́ pé orúkọ àti ẹ̀sìn rẹ̀ ni yóò fi san owó rẹ̀. Lónìí, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe wà ní ilé-ìwé Mùsùlùmí. Abala 38 náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ọmọ ilé-ìwé gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyà tó dun àwọn baba wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi jẹ ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ ẹlẹ́sìn mìíràn dù ú, ẹ sọ̀rọ̀, kódà bí ẹ kò bá gba ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí, nítorí Ọlọ́hun ní kí ìkórìíra àwọn ènìyàn kan má ṣe mú wa kúrò lórí déédéé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tó kan ẹlòmíràn, òun ló ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kan òun.

Mo bẹ Ọlọ́hun kí ó fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò, kí ó fi ẹsẹ̀ wa rinlẹ̀ lórí ìmọ̀ Ọlọ́hun ní Ọ̀kan, kí ó fún wa ní ìwà tí yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn fẹ́ mọ ẹ̀sìn wa, kí ó sì bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé àti ní ìdálẹ̀. Àámín.